Jíníọ̀ ìjọba méjì, ọmọ kan: báwo la ṣe ń mọ èyí tó dáa ní Oríta-mẹ́rin?

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò wa lọ́sẹ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán, àti fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú máíkírà tí awakọ̀ ti yí rédíò sókè débi pé ẹ ò lè gbọ́ tiwa.

Ìbéèrè kan ló bí ètò yìí. Arábìnrin kan tó ń gbọ́ wa láti Bẹẹrẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ti parí píráímárì 6. Jíníọ̀ ìjọba méjì ló wà tí ọmọ náà lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé. Bàbá wọn ní kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì, pé kí ọmọ máa wọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé olórúkọ ńlá lọ́nà Mọ́lété. Ìyá wọn ní ta ló fẹ́ máa san owó ọkọ̀? Òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí iṣẹ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n ní kó wá dá ẹjọ́. Ó wá bi wá pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó dáa?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà nípò yìí. Ẹ ò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ̀ ń ra ìwé àbúrò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Kí ni jíníọ̀ gan-an?

Jíníọ̀ ni ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama: JSS 1, JSS 2, JSS 3. Ọdún 1982 ló bẹ̀rẹ̀ báyìí, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò 6-3-3-4 kalẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ọdún márùn-ún gbáko ni girama, ọmọ á sì jáde pẹ̀lú ìdánwò WAEC.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé lábẹ́ òfin, ẹ̀gbẹ́ píráímárì ni jíníọ̀ wà báyìí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ siníọ̀. Òfin UBE tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀: mẹ́fà ní píráímárì, mẹ́ta ní jíníọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì di dandan fún gbogbo ọmọ. Òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ ti rú òfin.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ọgbà kan tí ó ní pátákó méjì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan fún jíníọ̀, ọ̀kan fún siníọ̀, tí kálukú sì ní prínsípà tirẹ̀. Ní Ìbàdàn, ẹ tún máa rí èyí tí wọ́n kọ "School 1", "School 2" sí lára, nítorí pé ilé-ìwé kan ti tóbi jù fún ọ̀gá kan láti darí, wọ́n sì pín in. Ẹ má ṣe ka nọ́ńbà yẹn sí ipò bíi ti bọ́ọ̀lù. School 2 kò fi ìdí rẹmi lọ́wọ́ School 1. Orúkọ kan náà, ọgbà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá àti tíṣà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá sọ pé "lágbájá Grammar School dáa" kò tíì dáhùn ìbéèrè yín. Èwo nínú wọn ló dáa?

Orúkọ rere sàn ju wúrà lọ, ṣùgbọ́n ta ló ṣe orúkọ?

Òwe wa ló sọ pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ní Ìbàdàn, orúkọ ilé-ìwé kì í ṣe ohun kékeré rárá. Ìtàn wa ló wà nínú rẹ̀.

Ọdún 1853 ni David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá fìdí kalẹ̀ ní Kúdẹtì, níbi tí kò jìnnà sí Màpó. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ fún wọn ní ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, láti kọ́ ní ìwé. Lọ́dún 1899, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì kan náà. Nígbà tó di ọdún 1950, wọ́n da ilé-ìwé yẹn pọ̀ mọ́ ti CMS tó wà l'Ékòó, ó sì di St. Anne's tó wà ní Mọ́lété dòní. Ibadan Grammar School dé lọ́dún 1913, A. B. Akínyẹlé sì ni prínsípà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ibadan Boys' High School dé lọ́dún 1938. Lọ́dún 1964, ẹgbẹ́ Ìsábátúdéènì tí Alájà Hùmúánì Àlàgá dá sílẹ̀ dá ilé-ìwé girama tiwọn sílẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí náà lè rí ibi kàwé.

Ṣé ẹ rí àwọn orúkọ wọ̀nyẹn? Báwo ni wọ́n ṣe dá wọn? Nígbà yẹn, ọmọ á ṣe ìdánwò kí ó tó wọlé, bàbá rẹ̀ á sì san owó ilé-ìwé. Ìwọ̀nba ọmọ ló ń wọlé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ píráímárì di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, ọmọ pọ̀ lọ bí omi, ṣùgbọ́n girama kò gba gbogbo wọn. Ìjọba wá dá ilé-ìwé Modern sílẹ̀, ọlọ́dún mẹ́ta, fún àwọn tí kò rí ààyè tàbí owó girama. Ẹ bi ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín ní Bẹ́yẹrúnká, wọ́n á sọ fún yín. Nígbà ayé wọn, ó nítumọ̀ bí wọ́n bá ní ọmọ kan "lọ sí girama", tí òmíràn sì "lọ sí Modern". Ìyẹn gan-an ni jíníọ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n sì fi ṣe.

Lọ́dún 1979, Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́, girama náà di ọ̀fẹ́, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ aláṣọ òkè àti ọmọ alágbàro wọ ilé-ìwé tí bàbá wọn kò lè wọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ilé-ìwé tó ní orúkọ kì í ṣe ilé-ìwé tó ń ṣa ọmọ mọ́. Orúkọ náà jẹ́ ti àwọn tó ti jáde. Ọmọ tó fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, tíṣà tó wà níbẹ̀ lónìí ló máa kọ́ ọ. Prínsípà ọdún 1913 kò sí níbẹ̀ mọ́.

Èsì ìdánwò ń sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ tán

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé, "Ó yá, ká wo èsì ìdánwò." Ìdánwò BECE ni ọmọ ń ṣe ní ìparí JSS 3, ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò rẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé wa. Ẹni tó bá yege á kọjá sí siníọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Èyí kì í ṣe ilé-ìwé kankan o, àpẹẹrẹ ni.

Ilé-ìwé A: ọmọ 200 ló wọ JSS 1. Nígbà tó di JSS 3, ọmọ 120 ló jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn 108 yege. Prínsípà á kọ ọ́ sára ògiri pé ìdá 90 nínú 100 ló yege.

Ilé-ìwé B: ọmọ 150 ló wọ JSS 1. Ọmọ 140 ló ṣe ìdánwò. Àwọn 112 yege. Ìyẹn jẹ́ ìdá 80 nínú 100.

Lójú lásán, A ló dáa jù. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 200 tó wọ A, 108 péré ló dé òdìkejì, ìyẹn ìdá 54 nínú 100. Nínú 150 tó wọ B, 112 dé òdìkejì, ìyẹn bíi ìdá 75. Níbo ni àwọn 80 tó sọnù ní A wà? Bóyá wọ́n kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Bóyá wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bóyá wọ́n ń ta ọjà kiri ní Ọjà'ba nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní kíláàsì. Ilé-ìwé tó ń jẹ́ kí ọmọ tí kò mọ̀wé yọ́ jáde kí ìdánwò tó dé, èsì rẹ̀ á máa dán ni.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ilé-ìwé kì í ṣe "ìdá mélòó ló yege?" Ẹ bi í pé: "Mélòó ló wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó nínú wọn ló ṣì wà níbí?"

Ìṣòro kejì ni pé èsì ìdánwò máa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí ọmọ ti wá ju ilé-ìwé lọ. Lọ́dún 1966, James Coleman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí ńlá kan jáde fún ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí ilé ọmọ ṣe rí ló ń ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ èsì, ju irinṣẹ́ tí ilé-ìwé ní lọ. Ní Amẹ́ríkà yẹn, ilé-ìwé tó jọ jíníọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní middle school. Níbi púpọ̀, àdúgbò tí ẹ ń gbé ló ń pinnu èyí tí ọmọ yín máa lọ, èsì ìdánwò ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Àwọn olówó á wá ra ilé sí àdúgbò tí èsì rẹ̀ dáa, owó ilé á gbówó lérí, èsì á tún dáa sí i. Owó ló ń bí èsì, èsì ló ń bí owó.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì ilé-ìwé girama jáde lọ́dún 1992. Wọ́n rí wàhálà kan náà. Nígbà tó di ọdún 2016, wọ́n mú ìwọ̀n tuntun wá tí wọ́n pè ní Progress 8. Ohun tó ń wọ̀n ni ibi tí ọmọ wà nígbà tó parí píráímárì, àti ibi tó dé lẹ́yìn ìgbà náà. Ọmọ tó wọlé láìmọ̀ ọ́n kà, tó jáde pẹ̀lú èsì àárín, ilé-ìwé rẹ̀ lè ti ṣiṣẹ́ ju èyí tó gba ọmọ tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ wọlé lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: ẹ má wo ibi tí ilé-ìwé wà, ẹ wo ibi tó gbé ọmọ kúrò àti ibi tó gbé e dé.

Tíṣà ju ògiri lọ

Ẹ jẹ́ ká wọ inú kíláàsì. Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé kí tíṣà kan má ṣe kọ́ ju ọmọ 40 lọ ní girama. Ẹ fi iṣẹ́jú 40 pín in. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́jú kan. Bí ọmọ bá jẹ́ 80, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ló kàn án. Tíṣà kò tíì kọ ohunkóhun sójú pátákó o, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dákẹ́.

Ẹ tún wo ìwé títọ́. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin, tí ọmọ 70 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé 280 ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ní kí wọ́n kọ àròkọ. Kí ni ẹ rò pé ó máa ṣe? Á dín àròkọ kù. Ọmọ á sì dé JSS 3 láìmọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Kì í ṣe pé tíṣà náà ya ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé iye ọmọ nìkan ni. Rivkin, Hanushek àti Kain tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2005 lórí àwọn ilé-ìwé ìjọba ní Texas. Wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín tíṣà kan àti èkejì nínú ilé-ìwé kan náà pọ̀ gan-an, ó sì hàn nínú ohun tí ọmọ mọ̀ lópin ọdún. Ìyẹn ni pé JSS 1A àti JSS 1D lè jìnnà síra ju bí ilé-ìwé méjì ṣe jìnnà síra lọ.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún wa? Ọjọ́ tí ẹ yan ilé-ìwé, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ tún béèrè kíláàsì tí wọ́n fi ọmọ sí, ta ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ta ni tíṣà Ìṣirò rẹ̀. Bí tíṣà Ìṣirò kò bá sí fún odidi táàmù, kí ẹnì kan láti ilé lọ sọ ọ́ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ilé-ìwé tó mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun, ọwọ́ tó fi ń mú ọmọ ẹni náà máa ń yàtọ̀.

Owó ọkọ̀ náà wà nínú ìṣirò

Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gba ìjọba, ìyẹn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ó fagi lé owó ₦3,000 tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ìjọba ń san tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kì í gbé ọmọ dé Mọ́lété.

Ká ní ọkọ̀ jẹ́ ₦300 ní àlọ, ₦300 ní àbọ̀. Ìyẹn jẹ́ ₦600 lóòjọ́. Táàmù kan máa ń tó bíi ọjọ́ ìwé 60. Ẹ ṣe é: ₦36,000 ní táàmù kan, ₦108,000 lọ́dún, ₦324,000 kí ó tó parí JSS 3. Ẹ kò tíì ra yunifọ́ọ̀mù. Ẹ kò tíì san owó oúnjẹ ọ̀sán. Bí owó epo bá tún gbówó lórí, gbogbo ìṣirò yìí á yí padà, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilé-ìwé jẹ ní ọjọ́ tí kò sí owó. Ọmọ tó pa ọjọ́ kan jẹ lọ́sẹ̀ ti pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ ọdún náà, nílé-ìwé yòówù kó wà.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí arábìnrin wa ní Bẹẹrẹ nìyí. Bí ọ̀kan nínú jíníọ̀ méjì tó wà nítòsí bá ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò tó ń wọ kíláàsì, tí ọmọ tó wọlé níbẹ̀ kì í sọnù lọ́nà, ẹ fi ọmọ sí ibẹ̀. Ẹ fi ìdajì owó ọkọ̀ yẹn wá tíṣà léṣìn fún un lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Bí méjèèjì bá burú lóòótọ́, tí ẹ ti fojú rí i, nígbà náà ọ̀rọ̀ bàbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí ìdílé sì jókòó pín owó ọkọ̀ láàárín ara wọn kí ọdún ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ sí Mọ́lété tìtorí orúkọ nìkan, láìwo kíláàsì tí ọmọ máa jókòó sí.

Ẹ lọ fojú rí i: ohun márùn-ún tó ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ méjì

Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ẹ má béèrè lórí status nìkan. Ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ yá ìwé nóòtì. Ẹ wá ọmọ JSS 2 kan láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ọmọ àdúgbò ni, ẹ yá ìwé Ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ẹ ka déètì. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n kọ nǹkan láàárín oṣù kan? Ẹ wo bírò pupa: ṣé tíṣà tọ́ ọ, àbí ó kàn fàmì sí i? Kàríkúlọ́ọ̀mù kan náà ni ilé-ìwé ìjọba ń lò, nítorí náà, ìwé méjèèjì yẹ kó sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi oṣù kan gbélẹ̀ lẹ́yìn èkejì, ẹ ti rí ìdáhùn.

2. Ẹ ní kí ọmọ náà kàwé. Ẹ mú ojú ewé kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, kí ó kà á, kí ó sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Ẹ ṣe é fún ọmọ bíi mẹ́ta. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, ilé-ìwé lẹ̀ ń wò, kì í ṣe ọmọ.

3. Ẹ lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, bíi aago mẹ́wàá. Gbogbo ilé-ìwé ló máa ń wà létò ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ dúró ní ọ́fíìsì kí ẹ sì wo iye kíláàsì tí tíṣà wà nínú rẹ̀.

4. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin. Bí kò bá ní ilẹ̀kùn tàbí omi, ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù á máa jókòó sílé fún ọjọ́ bíi mélòó kan lóṣooṣù. Ẹ bi àwọn ọmọbìnrin fúnra wọn, wọ́n á sọ òtítọ́.

5. Ẹ béèrè ìbéèrè òkè yẹn lọ́wọ́ prínsípà tàbí igbákejì. "Mélòó ló wọlé, mélòó ló ṣẹ́kù?" Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí ẹ kí wọn dáadáa ná. Ọ̀gá tó mọ iye ọmọ tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì lè sọ ìdí, ọ̀gá tó ń wo ọmọ nìyẹn, bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tiẹ̀ dùn ún gbọ́.

Ẹ kọ ìdáhùn méjèèjì sínú fóònù yín, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí bàbá àti ìyá rí i. Ìjà ilé á dínkù nígbà tí ohun tí ẹ fojú rí bá wà nílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe é, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ẹ má dárúkọ tíṣà tàbí ọmọ kankan, ẹ kàn sọ ohun tí ìwé nóòtì sọ fún yín. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ lórí siníọ̀: báwo ni ọmọ ṣe ń yan sáyẹ́ǹsì, át tàbí kọmáṣà láìjẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yàn án fún un. Títí dìgbà náà, ó dàbọ̀ o.